Ẹ Bi Wá Nípa Ilé: Pèpéle onípákó tí omi kò ní ráyè sùn sí

Lẹ́tà mẹ́rin la mú lóṣù yìí. Pèpéle onípákó ni gbogbo wọn dá lé, ìyẹn ilẹ̀ pákó tí à ń kàn sẹ́yìn tàbí síwájú ilé kí èèyàn lè máa gbatẹ́gùn lórí rẹ̀. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, ṣùgbọ́n a ò gé ìdáhùn.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo fẹ́ kan pèpéle onípákó sẹ́yìn ilé wa ní Ajah, ẹsẹ̀ bàtà 12 ní ìbú, 16 ní gígùn, kí àwọn ọmọ lè máa ṣeré níbẹ̀, ká sì lè fi ṣe ìsọmọlórúkọ. Atẹ́gùn òkun ń dé ọ̀dọ̀ wa dáadáa. Káfíńtà ní ká ra igi afàrà, ká fi ọ́ìlì dúdú tí wọ́n dà nù lára ọkọ̀ kùn ún, ká sì ri ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, pé kò ní náni lówó. Bẹ́ẹ̀ náà ni aládùúgbò wa ṣe tiẹ̀, kò pé ọdún mẹ́ta tó fi jẹrà. Kí ni ká ṣe? (Onílé tuntun, Ajah)

Ẹ kú ìnáwó ilé, ẹ ó lò ó pẹ́. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, tí ẹ bá pe nǹkan yìí ní "dẹ́kìn" létí àwọn òṣìṣẹ́, kọnkéré òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n máa rò. Ẹ sọ pé pákó ni, kẹ́ ẹ sì ya á sórí bébà fún wọn.

Káfíńtà yín ò purọ́ pé kò ní náni lówó, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa san owó náà. Òjò kọ́ ló ń pa igi tó wà níta. Omi tó wọ ibì kan tí kò rọ́nà jáde ló ń pa á. Igi tó ń rin tó sì ń tètè gbẹ lè lo ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n bí omi inú igi bá ju ìdá 20 nínú 100 lọ, tó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, olú á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Gbogbo ohun tó kàn báyìí kò ju bí omi á ṣe rọ́nà lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú igi ṣáájú. Igi abẹ́ òrùlé ni afàrà, bẹ́ẹ̀ náà ni arère. Igi tó lè gbé níta láìgba oògùn ni ọ̀pẹpẹ, ìrókò, àpá àti ẹkki. Orúkọ Yorùbá yìí gan-an ni àwọn oníṣòwò igi ní Yúróòpù ń pe ìrókò, ọ̀pẹpẹ àti afàrà títí dòní. Ìlànà EN 350 tiwọn pín igi sí ìpele 5 nípa bí ó ṣe le sí olú tó, ìpele 1 ló le jù: ọ̀pẹpẹ wà ní ìpele 1, ìrókò wà láàárín 1 àti 2, afàrà bọ́ sí ìpele 4. Ṣùgbọ́n ọkàn igi nìkan ni wọ́n ń sọ. Ara igi, ìyẹn apá tó funfun lábẹ́ èèpo, ìpele 5 ni wọ́n kà á sí, ì báà jẹ́ ti ìrókò. Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ni jẹ nìyẹn ní sọ́míìlì. Ọkàn ọ̀pẹpẹ máa ń pọ́n bí ẹ̀bà elépo. Bí ẹ bá rí pákó tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan funfun lọ gbọnrangandan, ẹ dá a padà, apá funfun yẹn ni olú àti kòkòrò máa kọ́kọ́ wọ̀. Ọ̀pẹpẹ la máa mú fún iṣẹ́ yín. Ẹkki le jù ú lọ, ó sì wúwo débi pé á rì bí ẹ bá sọ ọ́ sómi, àmọ́ á jẹ ẹnu bíìtì, ìyẹn irin tí káfíńtà yín fi ń lu ihò, tán. Ìrókò dára, kìkì pé kí ẹni tó ń rẹ́ ẹ bo imú rẹ̀, nítorí lẹ́búlẹ́bú igi náà máa ń ta imú àti awọ ara.

Ní ti ọ́ìlì dúdú, kì í wọnú ọkàn igi. Òkèèrè ara rẹ̀ ló máa ń dúró sí, á máa lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ, òjò á sì máa fọ̀ ọ́ lọ sínú ilẹ̀. Ní Ajah tí omi kò jìn sílẹ̀, kànga yín ló ń lọ.

Ẹ má sì ri igi kankan mọ́lẹ̀. Ẹ wo òpó ọgbà tó bá ti pẹ́: ọ̀gangan ibi tó bá ilẹ̀ dọ́gba ló máa ń ti já, nítorí ibẹ̀ ni omi àti atẹ́gùn ti ń pàdé. Kọnkéré ni kó wọlẹ̀. Ẹ fa ìlà mẹ́rin tó gba ìbú pèpéle kọjá, kí àárín ìlà kan sí èkejì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 4. Orí ìlà kọ̀ọ̀kan, òpó mẹ́ta, ẹsẹ̀ bàtà 6 síra wọn. Òpó 12 nìyẹn. Kòtò ìkọ̀ọ̀kan á fẹ̀ ní íǹṣì 18 níbùú lóròó, á jìn ní íǹṣì 24. Ẹ da kọnkéré tó nípọn íǹṣì 9 sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ wá gbé òpó íǹṣì 9 sí 9 dìde lórí rẹ̀ pẹ̀lú irin mìlímítà 12 mẹ́rin, títí yóò fi yọ íǹṣì 12 lókè ilẹ̀. Kí kọnkéré bo irin ní íǹṣì 2 yí ká. Bí irin bá sún mọ́ ìta, iyọ̀ á bá a níbẹ̀, á dógùn-ún, á wú, á sì la kọnkéré. Nítorí irin yìí kan náà, ẹ má lo yanrìn etí òkun, ẹ má sì fi omi oníyọ̀ pò ó. Bí ẹ ó ṣe pò ó nìyí: àpò símẹ́ńtì kan, páànù tí lébírà fi ń ru kọnkéré, 4 ti ṣáápù sáàńdì, 8 ti gráníìtì. Òpó 12 náà máa gba bíi kúbíìkì mítà kan, àpò símẹ́ńtì 7 á ká a. Ẹ máa bomi rin ín fún ọjọ́ 7.

Bí ẹ bá kan omi nínú kòtò, tó sì lè ṣẹlẹ̀ ládùúgbò yín, ẹ gbọ́n ọn kúrò kẹ́ ẹ tó da kọnkéré. Ó sàn kẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ láàárín oṣù kìíní sí ìkẹta nígbà tí omi ilẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ ẹrẹ̀ dúdú tí ọ̀pá ń wọ̀ lọ ràì ni ẹ bá nísàlẹ̀, iṣẹ́ ẹnjinníà nìyẹn, ẹ dúró kẹ́ ẹ pè é.

Nígbà tí kọnkéré bá gbẹ, ẹ tú gbogbo pákó tí wọ́n fi dì í, kẹ́ ẹ ṣa èérún igi kúrò nílẹ̀ pátá. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń fẹ́ bo èyí tó wà nísàlẹ̀ mọ́ ibẹ̀, pé ta ló máa rí i. Ikán ló máa rí i. Ẹ rọ ilẹ̀ abẹ́ pèpéle kó dà sápá òde, kó má dà sí ìpìlẹ̀ ilé, kẹ́ ẹ tẹ́ náílọ̀nù dúdú tó nípọn sí i, kẹ́ ẹ da gráníìtì lé e kí koríko má hù.

Ó kan igi. Igi ọjà wa, ẹsẹ̀ bàtà 12 ni gígùn rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí pákó òkè gba ìbú pèpéle kọjá kó má ní oríkèé kankan. Ẹ gbé téèpù dání lọ sí sọ́míìlì: igi tí wọ́n ń pè ní 2×6 kì í sábà pé íǹṣì 2 sí 6. Ìṣirò wa gba íǹṣì 1¾ sí 5½, kò gbọ́dọ̀ kéré sí i.

Bíìmù ló máa jókòó lórí òpó, 2×6 méjì fún ìlà kọ̀ọ̀kan, igi 8 lápapọ̀. Àwọn káfíńtà máa ń lẹ igi méjèèjì mọ́ra típẹ́típẹ́, wọ́n á ní ó lágbára báyẹn. Àárín méjèèjì ni omi máa wọ̀, kò sì ní jáde mọ́. Ẹ fi èérún ọ̀pẹpẹ tó nípọn ìdajì íǹṣì sáàárín wọn níbi tí bóòtì bá ti gbà kọjá, kí omi lè máa já bọ́ sílẹ̀. Lórí òpó kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ́ rọ́bà tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan, tó kéré díẹ̀ sí bíìmù, kí ìdí igi má kan kọnkéré. Bóòtì mìlímítà 12 méjì lórí òpó kọ̀ọ̀kan, bóòtì 24 nìyẹn, tí wọ́n á gba ara irin pẹlẹbẹ tí ẹ ti rì mọ́ kọnkéré nígbà tó ṣì tutù.

Jọ́ìsì, ìyẹn igi tí pákó máa tẹ́ lé, á dábùú bíìmù ní ìlà 10, íǹṣì 16 sí íǹṣì 16. Gígùn pèpéle jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 16, igi jẹ́ 12. Ẹ má gé igi kí ẹ wá fi orí kan orí. Ẹ gé igi kan sí méjì ọgbọọgba, kẹ́ ẹ fi ìdajì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ odindi kan: 12 àti 6 jẹ́ 18, ẹsẹ̀ bàtà 2 á gùn lé ara wọn, orí bíìmù gan-an ni ìsopọ̀ yẹn á sì bọ́ sí. Èérún igi á wà láàárín wọn níbẹ̀ náà. Ní ìlà tó tẹ̀ lé e, kí ìdajì wá sí òdìkejì. Odindi 10, ìdajì 10, igi 15 ni ẹ ó lò, kò sí ẹyọ kan tó máa ṣòfò. Ẹ fi 2 kún un fún etí méjèèjì. Àròpọ̀ 2×6 jẹ́ 25. Ẹ ra 27.

Bí bíìmù ṣe sún mọ́ra tó yìí lè dà bí àṣejù lójú yín. Ẹ rántí pé ìsọmọlórúkọ lẹ fẹ́ fi ṣe: èèyàn 40 tó dìde lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí onílù bá dé, bí ẹ bá ka ẹnì kọ̀ọ̀kan sí kílò 75, tọ́ọ̀nù 3 nìyẹn, wọn ò sì ní dúró jẹ́ẹ́.

Kí ẹ tó tẹ́ pákó, ẹ gé fẹ́ẹ̀tì ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń bo òrùlé ní ìrísí ọ̀já, kó fẹ̀ ju orí jọ́ìsì lọ díẹ̀ lápá méjèèjì, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sórí gbogbo wọn. Ojú ihò síkúrù ni jọ́ìsì ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Gbogbo ẹnu igi tí ẹ bá gé, kí ẹ kun ọ̀dà dúdú sí i kó tó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nítorí ẹnu igi ń fa omi ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ fíìfíì.

Pákó òkè jẹ́ 1×6. Ẹ ní kí wọ́n là á ní íǹṣì 1¼ kó lè ku íǹṣì kan gbáko lẹ́yìn tí wọ́n bá fá a. Bí ó bá ti gbẹ, ẹ fi àlàfo mìlímítà 5 sáàárín wọn. Bí ó bá ṣì tutù, 2 tó, gbígbẹ rẹ̀ á la ìyókù. Pákó 34 ló máa bo gbogbo rẹ̀, ẹ ra 37. Síkúrù méjì níbi tí pákó bá ti dábùú jọ́ìsì kọ̀ọ̀kan, 680. Ẹ ra 750, oníǹṣì 2½, mìlímítà 5. Ẹ kọ́kọ́ fi bíìtì mìlímítà 4 lu ihò, kó jìnnà sí ẹ̀gbẹ́ pákó ní íǹṣì kan. Ẹni tó bá ní òun ò ní lu ihò nínú ọ̀pẹpẹ máa ṣẹ́ síkúrù, á sì la pákó.

Orí síkúrù yìí ni ẹ ò gbọ́dọ̀ ti ṣọ́ owó ná. Síkúrù pupa rúsúrúsú tó kún ọjà, síńkì tó wà lára rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ máíkírọ́ọ̀nù 5 sí 8, ìyẹn ìdá ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Níbi tí iyọ̀ òkun bá pọ̀, ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISO 9223 ka jíjẹ síńkì sí máíkírọ́ọ̀nù 4.2 sí 8.4 lọ́dún. Ẹ ṣírò ẹ̀: ọdún kan tàbí méjì, síńkì tán. Bóòtì tí wọ́n rì sínú síńkì gbígbóná lè ní tó máíkírọ́ọ̀nù 50 sí 85, ó tó fún abẹ́. Fún síkúrù òkè, sténlẹ́ẹ̀sì 316, oríṣi tó ń fara da iyọ̀, ni. Ẹ wá àmì A4 lórí rẹ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì máa já síkúrù irin lásán fún yín, ṣùgbọ́n kò lè fi sténlẹ́ẹ̀sì 304, tí kò fara da iyọ̀ tó bẹ́ẹ̀, hàn yàtọ̀ sí 316, àmì yẹn ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́.

Ẹ má so pèpéle mọ́ ògiri. Ẹ fi íǹṣì 2 sílẹ̀ kí omi àti ìgbálẹ̀ lè kọjá. Gíga rẹ̀ látilẹ̀ á tó íǹṣì 24, ó sì gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ sí ẹnu ilẹ̀kùn ní ó kéré tán íǹṣì 2. Bí ilẹ̀kùn yín kò bá ga tó bẹ́ẹ̀, ẹ lè dín òpó kù, àmọ́ kó má kéré sí íǹṣì 6 lókè ilẹ̀. Ẹ má kan pákó dí ẹ̀gbẹ́ abẹ́ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, kí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ wo ara òpó: ikán kì í rìn nínú ìmọ́lẹ̀, ojú ọ̀nà amọ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló máa mọ gòkè, ẹ ó sì rí i kó tó dé igi.

Minneapolis ní ìpínlẹ̀ Minnesota, Amẹ́ríkà, ni mo wà. Oníṣẹ́ ní pèpéle tí mo fẹ́ kàn mọ́ ilé gbọ́dọ̀ ní ìpìlẹ̀ tó jìn ní íǹṣì 42. Nílé, íǹṣì 24 là ń gbẹ́. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ gbowó lọ́wọ́ mi? (Ọmọ Ìjẹ̀ṣà nínú yìnyín)

Rárá o, òótọ́ ni wọ́n sọ. Òfin ìkọ́lé Minnesota ló là á kalẹ̀: íǹṣì 42 ní apá gúúsù ìpínlẹ̀ náà tí ẹ wà, 60 ní apá àríwá. Omi inú ilẹ̀ ló fà á. Bí omi bá di yìnyín, á fẹ̀ tó ìdá 9 nínú 100, á sì tún máa fa omi mìíràn wá láti ìsàlẹ̀, tí yìnyín á fi máa nípọn lábẹ́ ilẹ̀, tí á sì máa ti ohunkóhun tó bá wà lórí rẹ̀ sókè. Ilé yín ní ìpìlẹ̀ tó jìn, kò ní mira. Pèpéle nìkan ló máa gòkè, á fa ara rẹ̀ ya lára ilé, bó bá sì di ìgbà tí yìnyín yọ́, kò ní padà síbi tó ti kúrò. Kí ìdí kọnkéré wà nísàlẹ̀ ibi tí ilẹ̀ ń dì dé, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì dán, nítorí ilẹ̀ tó dì lè di òpó tó rí gbágungbàgun mú kó sì fà á tu. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dà á sínú páálí róbótó. Ẹ pe 811 kẹ́ ẹ tó gbẹ́lẹ̀, wọ́n á wá sàmì sí ibi tí wáyà àti páìpù gáàsì gbà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ gba ìwé àṣẹ ìlú náà.

Ibi tó léwu jù níbi tiyín ni igi tó so pèpéle mọ́ ara ilé. Bí ó bá ṣe pé ìṣó lásán ni wọ́n fi kàn án, ẹ má gbà. Bóòtì tàbí síkúrù ńlá onídajì íǹṣì ni kó jẹ́, kí àlàfo wọn sì bá ohun tí òfin ìkọ́lé là sílẹ̀ mu. Kí wọ́n ṣí pákó ara ògiri, kí wọ́n fi páànù tẹ́ẹ́rẹ́ bo orí igi náà kó lè da omi síwájú. Láìsí páànù yìí, yìnyín tó ń yọ́ á máa wọ ẹ̀yìn rẹ̀, igi ilé gan-an á jẹrà, ẹnikẹ́ni ò sì ní rí i títí pèpéle á fi já pẹ̀lú èèyàn lórí.

Igi tí wọ́n ti fi oògùn sí lóhùn-ún kún fún bàbà, bàbà sì ń jẹ irin lásán. Ẹ rí i pé gbogbo irin wọn jẹ́ èyí tí wọ́n rì sínú síńkì gbígbóná tàbí sténlẹ́ẹ̀sì. Igi pèpéle àtijọ́ tí ẹ bá tú, tó ṣeé ṣe kó ti wà ṣáájú ọdún 2004, lè ní oògùn áséníìkì nínú. Ẹ má fi dáná, ẹ má sì fi ṣe ọgbà ẹ̀fọ́. Ṣọ́bìrì oníke ni kẹ́ ẹ fi kó yìnyín, kẹ́ ẹ máa tọ gígùn pákó.

Ìrókò ni mo fi ṣe tèmi ní Ṣakí. Ọyẹ́ dé, ẹ̀gbẹ́ pákó gbé sókè bí ọwọ́ tí wọ́n fẹ́ fi bu omi, orí síkúrù sì yọ. Ṣé igi burúkú ni wọ́n tà fún mi? (Bàbá onílé, Ṣakí)

Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Kì í ṣe igi burúkú, igi tútù ni. Oòrùn àti ọyẹ́ gbẹ ojú rẹ̀ kíákíá, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì rin, òkè wá sún kì ju ìsàlẹ̀ lọ. Pákó tó bá fẹ̀ ju íǹṣì 6 lọ ló máa ń ṣe é jù, bí tiyín bá jẹ́ 1×12, ìdí mìíràn nìyẹn. Ẹ má tíì fi agbára dè é mọ́lẹ̀ báyìí, á là. Ẹ dúró di ìgbà tí òjò bá ti rọ̀ bí oṣù kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn á tẹ́ padà. Nígbà náà ni kẹ́ ẹ yọ síkúrù, kẹ́ ẹ fi èyí tó gùn sí i rọ́pò, kẹ́ ẹ sì fi epo igi, ìyẹn epo tí wọ́n ń tà fún kíkun igi, kun ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kíkun òkè nìkan ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹ ra igi kí ọyẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tò ó sábẹ́ òrùlé pẹ̀lú igi tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹ fi òkúta tẹ̀ ẹ́ lórí, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ní oṣù mẹ́ta ó kéré tán.

Ẹ jọ̀wọ́, fáníìṣì ara pèpéle wa ní Badagry ń bó bí awọ ejò, ó sì ń yọ̀ nígbà òjò débi pé ìyá wa ṣubú. Fáníìṣì wo ló dára? (Ìyàwó ilé, Badagry)

Ẹ kú ìfaradà, a bá Màmá kẹ́dùn. Kò sí fáníìṣì tó dára fún ilẹ̀ pákó tó wà lójú oòrùn àti òjò. Fáníìṣì ń dúró lójú igi bí awọ ni; oòrùn á sán an, òjò á gba ojú sísán wọlé, kò sì ní lè jáde mọ́. Ẹ fá a kúrò títí ẹ ó fi rí ojú igi, kẹ́ ẹ fi epo igi tó ń wọnú kun ún, kẹ́ ẹ nu èyí tí igi kò bá mu kúrò láàárín ìṣẹ́jú 15 kó má baà máa lẹ̀. Lójú oòrùn Badagry, ẹ ó tún un kùn lọ́dọọdún, ní ìparí ọ̀gbẹlẹ̀. Àkísà tí ẹ fi nu epo náà, ẹ rẹ ẹ́ sómi kẹ́ ẹ sì na án sílẹ̀ níta, ẹ má ṣù ú jọ, ó lè gbiná fúnra rẹ̀.

Ohun tó ń yọ̀ bí ilá yẹn ń hù níbi tí ìdọ̀tí bá ti dí àlàfo pákó tí omi kò fi lè sọ̀ mọ́. Ẹ fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ yọ ewé àti yanrìn àárín pákó lóṣooṣù nígbà òjò, kẹ́ ẹ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì líle fọ̀ ọ́ bí pákó ṣe gùn lọ. Ẹ má lo ẹ̀rọ tó ń fi agbára tu omi, á tú ojú igi ní irun. Ẹ gé ẹ̀ka igi tó ṣíji bo ibẹ̀. Ní ojú ọ̀nà tí Màmá ń gbà kọjá, ẹ kan ọ̀já fẹ́ẹ̀tì oníyanrìn sórí pákó, ọ̀já kan sí èkejì ní íǹṣì 6, kẹ́ ẹ sì ṣe ọwọ́ ìdìmú sí àtẹ̀gùn rẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.